Àga fún Ọmọ Alága

"Àǹtí, irú àga wo ni bàbá yìí ń fẹ́?"

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ló béèrè, ìyàwó Alága ló sì kọjú sí.

"Èmi ni kẹ́ ẹ bi," Alága dáhùn. "Ojú mi ló fọ́, ẹnu mi ò fọ́."

"Ẹ má bínú, sà."

"N ò bínú. Ẹ ṣáà fà mí dé ibi táwọn àga ọmọ wà."

Alága kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Àga ló ń hun. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń fi pankẹ́rẹ́ hun ìdí àga àti ẹ̀yìn àga fáwọn ará àdúgbò, àwọn oníbàárà ló sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò sí àga tí yóò fọwọ́ kàn tí kò ní mọ ibi tó kù sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àga lọ.

Ọjọ́ Ajé ni ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Alága, tó jẹ́ pé inú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ni yóò máa tọ́jú ọmọ wọn obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ohun tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí nìyẹn kí ìyá ìyàwó tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó bá Alága níbi tó ti gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, tó ń fún un lóúnjẹ. Ọmọ yí orí, ṣíbí gba imú lọ, ikọ́ dé. Ìyá já ọmọ gbà. Ó ní òun yóò gbé e lọ sílé òun títí tí yóò fi lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Alága bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wá àga tí yóò mú ọmọ jókòó sójú kan. Ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó ti di aṣọ ọmọ sínú báàgì.

"Mo ti rí i!" ìyá ìyàwó ké láti iwájú nínú ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Àna mi, ẹ wá fọwọ́ kan èyí. Ó ní táyà, ó ń kọrin. Àga ọmọ ọba ni!"

Alága kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tọ ẹsẹ̀ àga náà láti òkè dé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ya síta, wọ́n gbilẹ̀ ju ìjókòó rẹ̀ lọ. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì nílé wọn; àga yìí nìkan gba mẹ́ta. Ó fi ìka kan tì í, ó yí lọ.

"Màmá, yàrá kan la ní. N ó fẹsẹ̀ kọ èyí, n ó sì bì í wó tọmọtọmọ. Ó tún ń rìn. Ohun tí mo bá gbé kalẹ̀, ibi tí mo gbé e sí ni mo fẹ́ bá a."

"Àmọ́ ó rẹwà o," ìyàwó rẹ̀ sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bá mi wò ó kó tẹ́ ẹ lọ́rùn ká tó lọ."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

Alága gba iwájú àwọn àga tó kù kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́líìtì ọ̀kan le jù, òmíràn ń mì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan kékeré kan: ìjókòó, ẹ̀yìn, bẹ́líìtì ọmọ, àti okùn fífẹ̀ méjì tí wọ́n rán mọ́ ọn, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó fa okùn náà pẹ̀lú gbogbo agbára. Ó fi èékánná tọ ojú ìránṣọ rẹ̀, bó ṣe máa ń tọ ojú pankẹ́rẹ́, kò sì rí ibi tí wọ́n ti fò.

"Ẹni tó ń ríran ò tíì yẹ ọjà mi wò báyìí rí," obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ.

"Èyí ni mo fẹ́," ni Alága wí.

"Àga tí ò lẹ́sẹ̀?" ìyá figbe ta.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nílé, Màmá."

Nígbà tí wọ́n délé, ó fa àga onígi rẹ̀ jáde, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ìdí rẹ̀, tó sì ti ń jókòó sí láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ó gbé àga kékeré náà lé e lórí, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn àti ìdí rẹ̀, ó sì mì ín síwá mì ín sẹ́yìn. Kò yẹ̀. Ó gbé ọmọ sínú rẹ̀, ó de bẹ́líìtì, ó ki ìka kan bọ àárín bẹ́líìtì àti ikùn ọmọ kó lè mọ̀ pé kò fún un jù.

Nígbà tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ òsì ló fi ń dì í mú. Àga ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe báyìí. Ó gbé ìka òsì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ìka ṣíwájú, ṣíbí tẹ̀ lé e. Ọmọ yí sọ́tùn-ún, ìka bá a yí, ṣíbí sì dúró di ìgbà tí ẹnu là. Alága ń gbọ́ bí ìyá ṣe ń mí gúlegúle lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì abọ́ tán, ikọ́ kò dé.

"Imú ẹ̀ mọ́," ìyá sọ, bí ẹni tí wọ́n fipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Fóònù ìyá dún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, ẹni tó ń bá a tún yàrá ṣe de ọmọ.

"Má wulẹ̀ tẹ́ ibùsùn ọmọ mọ́," ìyá wí. "Kò bá mi bọ̀. Kò sóhun tó ṣe é, ó ń jẹun lọ́wọ́ bàbá ẹ̀." Ó gbọ́ èsì àbúrò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá lọ sókè. "Èwo ni ti pé kò ríran? Ìwọ tó o ríran, ta lo fún lóúnjẹ rí tí imú ẹ̀ mọ́ báyìí?"

Orí Alága wú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ ti là, ó sì bu ṣíbí mìíràn.