Kò-Rún àti Ike Ìtọ̀

Nọ́ọ̀sì gbé ike ìtọ̀ náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Bàbá, ike yìí gbẹ o. Ṣé láti àárọ̀ ni ẹ ò tíì tọ̀?"

"Mo tọ̀ nígbà tí ẹ jáde," ni Kò-Rún dáhùn, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń gbé mi lọ?"

Irọ́ ló pa. Télọ̀ ni, Kò-Rún sì ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí kò sẹ́ni tó tíì rí ibi tó rún lára aṣọ rẹ̀ rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù pàápàá, ṣòkòtò funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ ló wọ̀ sábẹ́ aṣọ aláìsàn, ilà tí áyọ́ọ̀nù fà sí i sì mú débi tí eṣinṣin á fi rò ó wò kó tó bà lé e.

Àwòrán ọkàn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yà. Wọ́n ti là á yé e pé oògùn kan wà tí wọ́n máa fà sínú iṣan rẹ̀ kí ọkàn náà lè hàn dáadáa, pé kíndìnrín ló máa sẹ́ oògùn náà jáde, àti pé bí ara bá gbẹ, ó lè ṣe kíndìnrín léṣe. Tirẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti fi hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fa omi sí i lára láti àárọ̀, tí wọ́n ní kó máa mu omi sí i, kó sì máa tọ̀ sínú ike kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n.

Ó gbà sí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kápẹ́ńtà tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, gbogbo ìgbà tó bá ń tọ̀ ni ó ń dún bí òjò lórí páànù, á sì kéde rẹ̀ fún gbogbo wọ́ọ̀dù: "Ọ̀gá télọ̀, ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi?" Kò-Rún wo ike, ó wo ṣòkòtò funfun, ó sì pinnu pé òun kò ní tọ̀ níbẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì ti kẹ́yìn, ó yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lára rọ́bà omi náà títí omi fi dẹ́kun kíkán. Ti inú ife, ó dà á sí síǹkì.

Oògùn ìrora orúnkún tún wà nínú àpò ṣòkòtò náà. Bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà ló ń jẹ ẹ́, kí àwọn èèyàn lè máa sọ pé, ẹ wo bàbá yìí bó ṣe ń rìn. Nígbà tí dókítà béèrè oògùn tó ń lò, ó ní òun kì í lo nǹkan kan, àfi tí wọ́n bá máa ka àdúrà mọ́ ọn.

Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó bá dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà. Kó ṣáà parí, kí òun máa lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìgò omi. Òun ló ń ṣe ojú bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Fọ́nrán òwú kan kì í bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo omi tó so kọ́, ó wo rọ́bà, ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, omi yìí kò kán."

"Ó ń sinmi ni."

"Omi ń sinmi." Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo. Ó kàn béèrè bóyá ó rántí kákí ìjọ́sí.

Kò-Rún tún ilà ṣòkòtò rẹ̀ ṣe. Ta ni kò rántí? Kì í gé kákí láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi kó súnkì tán. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ìkánjú mú un gé e ní gbígbẹ, ìfọ̀ àkọ́kọ́ ló gbé ṣòkòtò oníbàárà dé agbedeméjì ojúgun. Kò-Rún wo oníbàárà náà, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ó jọ pé ọkùnrin náà ló ga sí i.

"Ti ìyẹn, a ra kákí mìíràn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kíndìnrín yín ńkọ́? Ọ̀pá mélòó la máa rà?"

Kẹ̀kẹ́ dún lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì wọlé, ọkùnrin tó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tẹ̀ lé e. "Ó yá, Bàbá. Ó kàn yín."

Kò-Rún gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, ó tún gbé e padà. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó oògùn jáde, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì.

"Mo ń jẹ ìwọ̀nyí. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀ yìí náà. Èmi ni mo pa omi yẹn." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "N ò sì tíì tọ̀."

Nọ́ọ̀sì wo oògùn náà. Kò bá a wí. Ó tú kẹ̀kẹ́ kékeré náà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó ní irú oògùn yìí gan-an máa ń ni kíndìnrín lára, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, ó sì ṣeé ṣe kó má jẹ́ òní mọ́. Kápẹ́ńtà ni wọ́n gbé lọ dípò rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́, ó juwọ́ bí olóyè.

"Ọ̀gá télọ̀, mo fi ipò ike sílẹ̀ fún yín."

Ife lé ife ni Kò-Rún ń mu. Nígbà tó yá, ó bọ́ ṣòkòtò funfun náà, ó ká a lójú ilà rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ike jáde.

"Fa kọ́tìnnì yẹn dáadáa," ó ní. "Kí o sì máa sọ̀rọ̀. Ohun yòówù tó bá wù ọ́. Ṣáà jẹ́ kó ròkè díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ fa kọ́tìnnì, ó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó wúkọ́.

"Oníbàárà wa kan wà," ohùn rẹ̀ dé ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, "ẹ̀yìn ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ga."