Ìlà Pupa Ara Ògiri Ca' Morara

Irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé ìjọsìn abúlé Ca' Morara kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n òun ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń mọ bí ilẹ̀ ẹnu odò Po, ní Ítálì, ṣe ga sí òkun. Ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn, Injiníà Zerbinati, pàṣẹ pé kí Oriana Mantoan, ọ̀kan lára wọn, ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Bí ìwọ̀n bá fi hàn pé ìdènà odò, òkìtì erùpẹ̀ tí ń dá omi dúró, ṣì ga tó, ìjọba kì yóò fi erùpẹ̀ kankan kún un kí òjò oṣù kọkànlá tó dé.

Oriana kọ̀. Ca' Morara, abúlé tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, ń rì, ilé ìjọsìn ń bá a rì, irin náà sì ń bá wọn rì. Ẹni tí ó bá fi ohun tí ń rì wọn ohun tí ń rì, irọ́ ni yóò kà. Ó ní orí àpáta Monselice, níbi tí ilẹ̀ kì í yẹ̀, ni òun yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ gba ọkọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn apẹja abúlé náà ni wọ́n wá ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú fún un, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, Norma, ni aṣáájú wọn.

"Norma, ọ̀pá yẹn ń mì bí ọ̀mùtí o," ni apẹja kan wí.

"Ọkọ rẹ lo rò pé o rí," ni Norma dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ṣí irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá dúró lé kúrò nínú ẹrẹ̀ kí Oriana tó kà á. Orí ìwọ̀n kan ni wọ́n ń gbé èyí tó tẹ̀ lé e lé, nítorí náà iṣẹ́ òòjọ́ ṣòfò. Wọ́n padà sí àmì tí wọ́n ti kúrò láàárọ̀, wọn kò sì ráhùn.

Nígbà tí wọ́n dé Ca' Morara, ìwọ̀n fi hàn pé irin náà ti fi ohun tó ju ìdúró ènìyàn lọ rì kúrò ní iye tó wà nínú ìwé. Zerbinati ní kí ó kọ iye àtijọ́, kí ó sì buwọ́ lù ú.

"Ọ̀gá, ẹ lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ilẹ̀ tó ti rì, ẹ ò lè pàṣẹ fún un kó dìde."

Àlùfáà ilé ìjọsìn náà di àkàbà mú. Oriana gùn ún, ó fi ọ̀dà pupa fa ìlà gbọọrọ sára ògiri, lókè orí gbogbo ènìyàn, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: *Ibi tí òkun ga dé rèé.*

Ọ̀gá ní kí wọ́n nù ún kúrò kí ó tó gbẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbà. Ó tọrọ korobá omi ní ilé kan, wọ́n ní tiwọn ń jò. Ó tọrọ ní èkejì, wọ́n ní àwọn ò ní. Norma gbé àga rẹ̀ ti ògiri lábẹ́ ìlà náà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó awọ ẹja.

"Korobá tèmi wà ńlẹ̀, Injiníà," ni ó wí, "ẹja ló wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi erùpẹ̀ kún ìdènà tán, ẹ wá gbà á."