Àwọ̀ Ọrùn Ẹyẹlé

Bàbá mi, Àjíṣafẹ́, ń sin ẹyẹlé lẹ́yìn ilé wa ní Bwari, òun náà ló sì ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Lọ́dún 2016, ẹ̀gbọ́n mi, Ọlásúnkànmí, ní òun ò fọkàn tán ojú Bàbá mọ́. Bàbá ní ojú òun mọ́ kedere, kí wọ́n yé sọ òun di arúgbó. Ẹ̀yìn Bàbá lèmi wà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà láti kékeré.

Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ya àwòrán jẹun. Wọ́n ní kí n ya ẹyẹlé kan fún eré àwọn ọmọdé, mo sì fi akọ kan tí Bàbá fẹ́ràn ṣe àwòkọ. Yíya ara rẹ̀ ò le rárá. Ọrùn rẹ̀ ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá yí díẹ̀, àwọ̀ ewé á di àlùkò. Tó bá tún yí, àlùkò á sá lọ. Mo kun àwọ̀ méjèèjì sí i, ẹyẹ náà wá dà bí ẹni tó wé síkáàfù mọ́rùn.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Kò sí àwọ̀ ewé kankan nínú ìyẹ́ yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń ka ìmọ́lẹ̀ sí okùn tó nà tọ́ọ́rọ́, torí ìyẹn ló yá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ máa ń ru bí ìgbì omi. Apá kan á ta padà lórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ìyẹ́ náà, apá kejì á kọ́kọ́ wọnú rẹ̀. Bí ìgbì méjèèjì bá bá ara wọn mu, àwọ̀ kan á tàn. Bí wọ́n bá takora, á pòórá. Mo jókòó, mo kọ ìṣirò ìgbì náà sínú kọ̀ǹpútà. Àwòrán kan ṣoṣo ń gba odindi ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ sì ń han gooro létí mi. Nígbà tí ọrùn náà jáde, èmi nìkan rẹ́rìn-ín nínú yàrá.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo pe Bàbá.

"Bàbá, ẹ wá wo ọkùnrin yín."

Ó jókòó, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa. Ẹyẹ náà dúró sójú kan. N kò tíì tẹ bọ́tìnnì tí yóò mú un yí. Bàbá rọra gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, bí ẹni tó di ẹyẹlé mú nínú oòrùn.

"Kai, ọmọ mi, o gbìyànjú. Wo bó ṣe ń yí. Gíríìnì, ó tún ti di pọ́pù."

Kò yí. Àwòrán tó dúró sójú kan kì í pààrọ̀ àwọ̀ torí pé ẹni tó ń wò ó mi orí. Ohun tí Bàbá mọ̀ ló ń sọ, kì í ṣe ohun tó rí. Mo ronú kan àwọn ọmọ tó ń jókòó sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, àti èmi tí mò ń gbèjà rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

Kò bi mí pé kí ló dé. Ó yọ ọ́ lápò, ó nà án síbi tó ti gbọ́ ohùn mi. Ó dùn mí wọra.

"Jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ fún Ọlásúnkànmí," ó ní. "Ó yá, mú un yí. Àwọ̀ wo ló kàn?"

Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Gíríìnì ni, Bàbá. Ó ti ń lọ sí pọ́pù."