Ẹjọ́ Pátákó Inú Mamie Dize

Ayùn ti wà lọ́wọ́ Asbury káfíńtà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n Harlan Dize jókòó sáàárín ọkọ̀ rẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gé pátákó òun, kó kọ́kọ́ gé òun ná.

"Bàbá Estelle, dìde níbẹ̀," ni Leona ìyàwó rẹ̀ kígbe láti èbúté. "Gbogbo ará Deal Island ló ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ọ̀fẹ́ ni."

Pátákó tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà yìí wà nínú àpótí kan tó la ikùn ọkọ̀ onígbòkun náà já. Bí Harlan bá tú okùn rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, á di ẹsẹ̀ fún ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ò sì ní lè máa gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ ara àpótí náà ti là, omi sì ń gbabẹ̀ wọlé bí onílé. Harlan fi òwú dí i, kò gbọ́. Ó fi ọ̀dà dí i, kò gbọ́. Ló bá lọ mú yẹ̀rì tí Leona ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó kì í bọ ibẹ̀. Yẹ̀rì yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ káfíńtà.

"Màmá ẹ ń jò!" ni Leona wí. Orúkọ ìyá Harlan ni ọkọ̀ náà ń jẹ́, ìyá náà àti Leona ò sì fìgbà kan rẹ́ títí ó fi kú.

"Má bú ìyá mi o."

"Ọkọ̀ ni mò ń sọ."

"Ojú ẹ ò jọ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀."

Purnell, àbúrò Leona, bú sẹ́rìn-ín. Òun ti yọ pátákó tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó sì kan ojú ihò náà pa. Inú ọkọ̀ rẹ̀ gbẹ bí inú ààrò. Àmọ́ ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun, tí òfin gbà kí ọkọ̀ kékeré oní-ẹ́ńjìnnì máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn, nìkan ló tún ń lọ kó óísítà, ẹran inú ìkarawun tí wọ́n ń wà nísàlẹ̀ omi. Ní àwọn ọjọ́ yòókù tó jẹ́ ti ìgbòkun, ó ń jókòó sí èbúté, ó ń jẹ àkàrà alákàn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí mo ṣe sanra!" ló wí, ó ń fọwọ́ lu ikùn.

Harlan wo ikùn náà, ẹ̀rù bà á. Ọjọ́ ìgbòkun nìkan ló máa ń mọ̀ pé òun wà láyé.

"Ó dáa," ni Leona wí. "Gbé pátákó yẹn sókè, ká jáde, ká padà. Bí Mamie bá gbé wa délé láìlò ó, Baba Asbury á gé e. Bí kò bá lè gbé wa délé, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láé."

Harlan fò dìde kó tó parí gbólóhùn náà.

Òun ló dúró ti ìtọ́kọ̀, nítorí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fi í lé e lọ́wọ́, ọwọ́ ẹlòmíì ò kàn án rí. Leona jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọkọ̀, Purnell sì di okùn ìgbòkun mú. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ọkọ̀ sì ń sáré tete.

"Kí lẹ tún fẹ́ fi pátákó ṣe?" ni Purnell wí. Ojú Harlan fà ro.

Ó yí ọkọ̀ padà sílé. Kíá, Mamie Dize bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

"A ṣáà ń lọ," ni Purnell wí.

"Ibo là ń lọ?"

"Apá... apá ọ̀hún."

Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú wọn bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún fẹ́ bọ́ sẹ́yìn. Kò sí ọ̀gá ọkọ̀ kankan tí inú rẹ̀ tíì dùn tó ti Harlan nítorí pé ó ṣìnà.

"Mo ti borí! Leona, mo ti bo—" Ìgbà náà ló rí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté. Ẹ̀gbẹ́ ni Mamie ń gbé lọ pàdé rẹ̀. "Purnell, tú okùn pátákó!"

Purnell tú u. Pátákó ò mira. Ìkarawun óísítà ti há sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, Harlan nìkan ló sì mọ ibi tí wọ́n ń fi ọ̀pá gún kó tó jábọ́.

"Gbé e fún mi," ni Leona wí.

"Kí ni?"

"Ìtọ́kọ̀ náà. Àbí kí n ṣáájú yín lọ jókòó sórí òkúta?"

Harlan ń yọ ìka rẹ̀ kúrò lára ìtọ́kọ̀ bí ẹni tó ń yọ eyín. Ó sáré sídìí àpótí, ó ń fọ̀pá gún pátákó. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Màmá, ẹ dákun!"

Gbàgà! Pátákó já sísàlẹ̀, omi tú lé e lójú, yẹ̀rì sì bá omi jáde, ó lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọkọ̀ ò fẹ̀gbẹ́ rìn mọ́, ó tẹ̀, ó sì kọjú sílé, ó ń gé omi lọ. Leona pariwo. Harlan rò pé ẹ̀rù ni. Ó gbójú sókè: obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín tẹ̀yìn-tẹ̀yìn, ó ń tọ́ ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá, Purnell sì dijú.

"Ṣé báyìí ló ṣe máa ń rí?"

"Báyìí ni."

"Látọjọ́ yìí! Ìwọ nìkan lò ń dá jẹ ẹ́!"

Wọ́n gúnlẹ̀. Asbury gbé ayùn sókè. "Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ rí mi," ni Leona wí.

Harlan fẹ́ dì mọ́ ọn.

"Àmọ́ èmi ni màá máa tọ́ ọkọ̀," ló fi kún un. "Gbogbo ọjọ́ ìgbòkun. Ọjọ́ ẹ́ńjìnnì, mo fi ta ẹ́ lọ́rẹ."

"Leona! Bàbá mi ló fi ìtọ́kọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́."

"Ìwọ náà ti fi lé mi lọ́wọ́. Àbí kí Baba Asbury máa bá iṣẹ́ wọn lọ?"

Harlan wo ìtọ́kọ̀. Ó wo ayùn. Ó wo Purnell, tó ti bọ́ sílẹ̀, tó sì ti rí àkàrà alákàn mìíràn gbà níbì kan.

"Ẹ gbé ayùn yín lọ sílé, Baba," ló wí.

Omi ti dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó di apá pọ́ńpù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

"Rọra," ni Leona wí lókè níbi ìtọ́kọ̀. "Ò ń mi ọkọ̀ mi."