Mọ́tò Tó Ń Kígbe Olè

Ohun tí ẹ ń fura sí yẹn náà ni: kò sẹ́ni tó jí ohunkóhun. Mọ́tò jókòó sójú kan títí, bátìrì rẹ̀ gbó, ó kú. Kò sọ́wọ́ ayé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, nítorí ọkàn ẹni tó ni mọ́tò kò balẹ̀ láti òwúrọ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀ sílé àbúrò rẹ̀.

Ojú-Lẹ́yìn ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Alábòójútó ìdánwò ni kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ó lè kọjú sí pátákó kó sì mọ ẹni tó ń jí ìwé ẹnìkejì wò lẹ́yìn òun. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Òun ni. Ibikíbi tó bá jókòó sí, kì í pẹ́ tí ìtàn ọmọ tó kọ ìdáhùn sí àtẹ́lẹsẹ̀ fi máa jáde. Bí ìtàn náà sì ṣe ń dàgbà ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ń tóbi, torí ìdáhùn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún odidi ìwé.

Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó ta ilé, ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú òkèèrè. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà sì gùn bí okùn. Nígbà tó yá, ọkọ ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè kún ìkíni: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ìgbà wo lẹ tún ní ẹ máa padà sílé?" Ilé wo? Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó kù fún un láyé, ló gbọ́ tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Aránṣọ ni àbúrò yìí, kọ́tìnì lòun àti ìyàwó rẹ̀ ń rán nísàlẹ̀ ilé. Wọ́n kó aṣọ kúrò ní yàrá òkè, wọ́n kùn ún, wọ́n ta kọ́tìnì tuntun sójú fèrèsé rẹ̀. Bí yàrá yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ Ojú-Lẹ́yìn, kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tó lè kàn. Òun náà mọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bá a ti ń wo ọgbọ́n rẹ̀.

Mọ́tò náà wà nínú gáréèjì lẹ́yìn ilé àbúrò yìí. Kó tó rìnrìn àjò ló gbé e síbẹ̀, tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò lọ́wọ́, tó ní, "Bá mi tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin ojú." Àbúrò fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó tilẹ̀ rán ìbora fún mọ́tò náà, ó bá a mu rẹ́gí, títí kan ihò tí jígí ẹ̀gbẹ́ ń gbà yọ.

Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, kó tó tú báàgì, Ojú-Lẹ́yìn lọ kí mọ́tò. Ó ká ìbora, ó tẹ rìmóòtù: kẹ́kẹ́ pa mọ́ mọ́tò lẹ́nu. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Álààmù ké "wíìn" lẹ́ẹ̀kan bí ọmọ ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, ó dákẹ́. Ó fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì: tá-tá-tá, ó parí.

"Ó ti jókòó pẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò wí, téèpù ìwọnsọ wà lọ́rùn rẹ̀. "Ìgbà kan wà tó ń dá ké, láìsí ẹni tó sún mọ́ ọn. Àwọn aládùúgbò fẹ́ẹ̀ lé wa nílùú. Nígbà tó yá, ó rẹ òun náà, ó dákẹ́."

Ojú-Lẹ́yìn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ ìyá mi, álààmù kì í dá ké. Ohun tó bá rí ló ń sọ."

Wọ́n pe rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe níparí òpópónà. Ẹnu ọkùnrin náà pọ̀ ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fi mítà kan bátìrì, ó mi orí bí ẹni tó wá kẹ́dùn.

"Bàbá, álààmù yìí, wọ̀bìà ni. Ẹ pa mọ́tò, ẹ lọ sùn. Òun ò sùn. Iná inú bátìrì ló ń lá díẹ̀díẹ̀. Tíná bá wá lọ sílẹ̀, á rò pé ẹnì kan gé wáyà, ló bá figbe ta."

"Ẹnì kan gé wáyà?"

"Mo ní á rò pé."

"Mo gbọ́ ọ." Lóòótọ́ ló gbọ́, èyí tó fẹ́ gbọ́.

Rewáyà gbé bátìrì lọ ṣáàjì. Bó ṣe gbé e dé tó so wáyà mọ́ ọn báyìí ni mọ́tò figbe olè ta, iná iwájú àti tẹ̀yìn ń ṣẹ́jú, orí ń yọ lójú fèrèsé gbogbo. "Ó tún ti dé o!" ni ẹnì kan kígbe látòkè. Wọ́n tẹ rìmóòtù, mọ́tò kò gbọ́. Rewáyà ní bátìrì kékeré inú rìmóòtù náà ti kú, mọ́tò kò mọ ọ̀gá rẹ̀ mọ́, olè ló kà á sí. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tún un ṣí, igbe dá. Ẹ́ńjìnnì gbà. Ojú-Lẹ́yìn jókòó sínú mọ́tò, ó ń wo ara rẹ̀ nínú jígí títí epo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà, gbogbo nǹkan ilé yẹn di ẹ̀rí. Ìyàwó àbúrò po tíì fún un, ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi adùn bò mọ́lẹ̀? Lówùúrọ̀ kejì, ó gbàgbé ṣúgà. Ẹ ò rí i, ẹ̀rí-ọkàn ti ń dà á láàmú.

Òwúrọ̀ kejì yẹn náà ni mọ́tò tún kú pátápátá.

"Bátìrì yìí ti darúgbó," ni rewáyà wí. "Ká ṣáàjì ẹ̀, ká má ṣáàjì ẹ̀, ajere lẹ fi ń pọnmi. Ó ń gbà á, kò lè dì í mú. Ẹ ra tuntun."

"Bátìrì tèmi kò gbó. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ ni."

"Ta ni?"

"Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u." Ó wo rewáyà láti orí dé ẹsẹ̀.

Rewáyà rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá, ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè ẹ̀, òòlù ni mo fi yọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ bá mi kí i, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ojú-Lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo sìmẹ́ńtì. Níbẹ̀ ló ti rí àbàwọ́n epo dúdú tí ẹ́ńjìnnì ti kán sílẹ̀. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó wà. Kò sí níbẹ̀. Ó wà lẹ́yìn, ní ọ̀gangan ẹsẹ̀ awakọ̀. Ìjókòó awakọ̀ ńkọ́? Wọ́n ti fà á síwájú. Lánàá tí ikùn rẹ̀ há síbẹ̀, oúnjẹ ilé ọmọ rẹ̀ ló bú. Mọ́tò yìí ti rìn! Ó yẹ kí inú rẹ̀ bàjẹ́. Inú rẹ̀ dùn ni, kí Ọlọ́run dárí jì í. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò tíì rí ẹni mú.

Ó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́. Ó ní kí ìyàwó àbúrò gòkè lọ, kí tọkọtaya má baà wojú ara wọn dáhùn. Ó jókòó ti àbúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ohun tí mo bá bi ọ́ ni kó o dáhùn. Má fi tìrẹ kún un. Ṣé mọ́tò yìí kúrò níbi tí mo gbé e sí?"

"Ó kúrò, Ẹ̀gbọ́n. Àwa la máa ń…"

"Mo ní má fi kún un. Ta ló jókòó sáyè awakọ̀?"

"Ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n…"

"Ó tó."

Lókè, ìyàwó kápá mọ́ra, ó dúró ti báàgì tí àlejò kò tíì tú.

"Ọkọ mi, ṣé ìdánwò la ń ṣe ni? Ẹ jẹ́ n lọ mú gègé wá."

"Ìyàwó wa, má fi yẹ̀yẹ́ sá fún ìbéèrè. Ṣé mọ́tò kúrò lójú kan?"

"Ó kúrò."

"Ta ló wà láyè awakọ̀?"

"Èmi mà ni. Èmi ni mo kúrú, èmi náà ni mo fa ìjókòó síwájú. Ẹ wá bi mí o, pé kí ni mo ń ṣe níbẹ̀."

Kò bi í. Ìdáhùn àwọn méjèèjì bára mu, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ìdáhùn méjì tó bára mu, ọ̀kan ló jí èkejì wò. Ká ní kò bára mu ńkọ́? Á jẹ́ pé ọ̀kan ń parọ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ tó bọ́ nínú àwọ̀n yẹn rí.

Ó pè wọ́n jọ. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn ẹni tó fẹ́ ṣàánú.

"Ẹ ti ń gbé mọ́tò mi jáde. Ẹ lo bátìrì ẹ̀ gbó, ẹ wá ní ó dá kú. N kò bínú. Ẹ ṣáà jẹ́wọ́."

Àbúrò bọ́ téèpù lọ́rùn, ó ká a.

"Ẹ̀gbọ́n, rewáyà ló sọ fún wa pé táyà á tẹ́, á bàjẹ́, tó bá dúró lójú kan. Ńṣe la máa ń tì í. A ó tì í síwájú, nígbà mìíràn a ó tì í sẹ́yìn. Èmi á máa tì, ìyàwó mi á jókòó sínú, á fẹsẹ̀ lé bíréèkì kó má lọ gbá ògiri. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ojú-Lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ń tì í! Ọmọ ìyá mi, béèyàn bá máa parọ́, kó pa èyí tó jọ òótọ́."

"Olè lẹ pè wá, nínú ilé wa." Àbúrò kò gbóhùn sókè. "Ẹni tó bá mọ̀ pé olè ló ń gbé inú ilé kan, Ẹ̀gbọ́n, kì í sùn síbẹ̀."

Ìyàwó ti gòkè padà. Wọ́n ń gbọ́ báàgì tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, gbì, gbì. Ó tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì dúró.

Ojú-Lẹ́yìn wo báàgì, kò kà á sí. Ó mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó: ẹni tọ́wọ́ bá bà á kọ́kọ́ máa ń bínú ná, kó tó jẹ́wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí yóò fi dè wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo èyí tó ti béèrè láti àárọ̀, èyí sì ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí kò ti gbé ìdáhùn rẹ̀ dání wá.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín," ó wí. "Bátìrì ṣì dáa nígbà náà. Ẹni tó lẹ́ṣin nílé, ṣé ńṣe ló ń pọ̀n ọ́n? Kí ló dé tí ẹ ò wà á síwájú, kẹ́ ẹ wà á sẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé àyà lẹ fi ń tì í?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ wo ilẹ̀.

"A ò mọ mọ́tò wà, Ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Èmi ò wa mọ́tò rí láyé mi."