Ilé Tí Ọmọ Kì í Ti í Sunkún

Aláriwo ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni kò ti fún etí ẹnikẹ́ni ní ìsinmi. Ebi pa á, ó ké. Ó yó tán, ó tún ké. Kápẹ́ńtà tó ń gbé yàrá kejì a máa fi òòlù gbá ògiri.

"Ìyá Aláriwo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ọ̀gá yín!"

Aránṣọ ni ìyá ọmọ náà. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ọ̀nà jíjìn, kì í tètè dé. Lọ́jọ́ kan tí aṣọ oníbàárà ga gègèrè lórí tábìlì, tí ọmọ ń ké bí ẹni tí iná ń jó, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, ó ní, "Olúwa, bá mi pa ọmọ yìí lẹ́nu mọ́."

Kò pẹ́ sígbà náà ló rí ilé ìtọ́jú ọmọ kan lẹ́yìn òpópónà wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára gẹ́ètì ibẹ̀ pé: NÍBÍ, ỌMỌ KÌ Í SUNKÚN. Màmá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ni ín. Ó mú aránṣọ wọlé, ó fi bẹ́ẹ̀dì funfun báláú hàn án, àti àwọn olùtọ́jú tí ìbòmú bo imú àti ẹnu wọn. Agogo kan dún, oníkálukú fi ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn.

"Kí ọmọ má bàa mọ́ ènìyàn kan lára jù ni," Màmá Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. "A kì í wo ojú wọn, a kì í sì í gbé wọn tí wọ́n bá ń ké. Tó bá ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, á dákẹ́ fúnra ẹ̀. Fọkàn balẹ̀, ìyàwó."

Ọkàn aránṣọ sì balẹ̀, nítorí ibẹ̀ mọ́ tónítóní.

Lóòótọ́ ni Aláriwo dákẹ́. Ìyá ọkọ aránṣọ wá kí wọn, ó gbé ọmọ lé itan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, o ò rí i bó ṣe gbọ́n? Àdúrà mi ti gbà!" Kápẹ́ńtà yọ orí láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ìyá Aláriwo, àbí ẹ ti ta ọmọ yẹn ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń fi ojú wá ojú ọmọ rẹ̀.

Nítorí ọmọ náà kì í wo ojú rẹ̀ mọ́. Ohun kan tó wà lókè èjìká rẹ̀ ló máa ń wò. Aránṣọ á yíjú wẹ̀yìn wò, kò ní rí nǹkan kan àfi àjà. Bí wọ́n bá ṣe tẹ́ ọmọ náà sílẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ìtọ̀ lè rin ín gbingbin kó má mira. Sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ bọ́ lórí tábìlì lọ́jọ́ kan, ó ró gbàrà, ọmọ kò ṣẹ́jú. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ti lọ síbì kan, tó wá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa bá a tọ́jú ẹ̀. Aránṣọ rántí ohun tó bẹ Olúwa, ó sì gbá ọmọ náà mọ́ àyà.

Ó sáré lọ sí ilé ìtọ́jú náà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, láìsọ fún wọn pé òun ń bọ̀. Àwọn ọmọ kún yàrá, gbogbo wọn ló jí, kò sì sí ìró kankan ju ti fáànù lọ. Gbogbo ojú ló wà lára fáànù náà. Òjìji abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń kọjá lójú wọn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn kan sì ń mi ara wọn síwá sẹ́yìn bá a rìn.

"Ẹ káàsán o."

Ọmọ kankan kò yíjú. Olùtọ́jú kan ń fún ọmọ lóúnjẹ, ó gbójú sí fèrèsé. Ọmọ náà gbójú sí ògiri, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Agogo dún. Aránṣọ gbé ọmọ tirẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì jáde.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé yẹ etí Aláriwo wò, ó yẹ ojú rẹ̀ wò. Méjèèjì dáa.

"Ṣé nǹkan kan ló wọ inú ẹ̀ ni, nọ́ọ̀sì?"

"Rárá, ìyá. Ọmọ ọwọ́ ní ọkàn, ọkàn ọ̀hún sì máa ń ṣàìsàn. Ó pè, ó pè, ẹnì kankan ò dá a lóhùn. Ó ti gbà pé kò sẹ́nì kankan."

"Ṣé ó máa padà?"

"Kò tíì pẹ́ jù. Ẹ máa wò ó lójú, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá ṣe, kó tiẹ̀ mi ìka lásán, ẹ dá a lóhùn. Ẹ sì máa gbé e wá kí n máa rí yín." Ó wo aránṣọ dáadáa. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ń bójú tó yín?"

Ìgbà náà ni aránṣọ sunkún.

Ìyá ọkọ rẹ̀ kó wá, ó gba iṣẹ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ gbé ọmọ síwájú máṣíìnì, ó ń ránṣọ, ó ń kì í:

"Aláriwo ọmọ mi,
a-ké-kílé-mì-tìtì,
a-jí-kápẹ́ńtà-lójú-oorun,
ohùn rẹ ni mo fẹ́,
padà wá, ìyá rẹ wà nílé."

Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú kànga. Títí di ọ̀sán kan tí ojú ọmọ náà kúrò lára àjà, tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àkàbà, tó dúró síbi ètè rẹ̀. Ìka kékeré kan nà wá, ó kan ètè tó ń mì náà.

Nígbà tó lọ kó aṣọ ọmọ tó kù ní ilé ìtọ́jú, ó gbé Aláriwo fún olùtọ́jú kan kí ọwọ́ òun lè yá. Ọmọ rí ìbòmú. Ó rí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ tó ń lọ. Ó la ẹnu, ó sì ké, igbe tó mi gíláàsì fèrèsé.

"Ẹ pa á lẹ́nu mọ́!" Màmá Jẹ́jẹ́ pariwo.

"Mi ò jẹ́ gbàdúrà yẹn mọ́ láé, Màmá," ni aránṣọ wí, ó gba ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń kì í, omi ń dà lójú àwọn méjèèjì.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Gbogbo orí tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì ló ti yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń wo ìyá àti ọmọ, láìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, láti bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ìkangun, ohùn kan jáde, tín-ín-rín, ó ń ha bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ìgbà pípẹ́.

Olùtọ́jú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà dúró gbagidi. Agogo kò tíì dún.

"Ó ń pè yín," ni aránṣọ wí. "Ẹ dá a lóhùn."

Olùtọ́jú náà wo Màmá Jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀.