Bí Mo Ṣe Ń Wẹ̀ Wọ́n, Wọ́n Ń Kéré Sí I

Ìyá Ṣadé, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá mọ́jú. Ẹ sáà mọ bí ọlidé yìí ṣe tán mi lókun. Mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta dé ẹnu géètì iléèwé. Tíṣà ní wọn ò mọ́ tó, kí n tún wọn wẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n níbẹ̀, wọ́n ń kéré sí i. Tíṣà ní ó kù díẹ̀. Mo ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó wọn, títí wọ́n fi dà bí ọṣẹ tó fẹ́ tán, tí wọ́n ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ wọ́n ń sọ pé ebi ń pa àwọn.

Bí mo ṣe jí, ọ̀dọ̀ yín ni mo sáré wá. Wọ́n ti bọ́ṣọ báyìí, wọ́n ń dúró dè mí nídìí omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wẹ̀ wọ́n lónìí.